Gíráàfù Mẹ́ta Nínú Fèrèsé Kan

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún gbogbo ẹni tó ń fi Python ya gíráàfù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mando àti ní Afaka, níbi tí Federal College of Forestry Mechanisation wà.

Ká ní ẹ fẹ́ fi òjò Èkó, Kaduna àti Maiduguri wéra. Bí ẹ bá ya gíráàfù mẹ́ta sí ojú ìwé mẹ́ta, ẹni tó ń kà á yóò máa ṣí ìwé síwá sẹ́yìn. Ẹ kó wọn sínú fèrèsé kan, yóò rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Matplotlib ni a ó lò. John D. Hunter, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ, ló kọ ọ́, ó sì gbé e jáde ní 2003. Ẹ kọ́kọ́ kó iye òjò oṣù méjìlá ti ìlú kọ̀ọ̀kan sínú eko, kaduna àti maiduguri, kí ẹ tó kọ èyí:

import matplotlib.pyplot as plt
osu = range(1, 13)
fig, ax = plt.subplots(1, 3, sharey=True)
ax[0].bar(osu, eko)
ax[0].set_title("Eko")
ax[1].bar(osu, kaduna)
ax[1].set_title("Kaduna")
ax[2].bar(osu, maiduguri)
ax[2].set_title("Maiduguri")
ax[0].set_ylabel("Ojo (mm)")
fig.tight_layout()
plt.show()

Nínú subplots, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìlà ìbú, èkejì ni iye ìlà òró. Láti òdo ni Python ti ń ka àyè. Ìdí nìyẹn tí àyè àkọ́kọ́ fi jẹ́ ax[0]. Bí ìlà ìbú bá jẹ́ méjì, tí òró náà jẹ́ méjì, ax[0, 1] ni ti òkè lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ tight_layout ni kí àkọlé má baà gun ara wọn.

Sharey gan-an ni kókó ẹ̀kọ́ yìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, gíráàfù kọ̀ọ̀kan yóò yan òṣùwọ̀n tirẹ̀ kí ó lè kún àyè rẹ̀. Òjò Maiduguri kéré púpọ̀ sí ti Kaduna, ṣùgbọ́n oṣù August ni òjò máa ń pọ̀ jù ní ìlú méjèèjì. Nítorí náà, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà lójú. Ẹni tó fẹ́ yan igi tí yóò gbìn lè rò pé omi ibẹ̀ dọ́gba. Ó dà bí oníṣòwò méjì tí mudu wọn kò tóbi bákan náà: a kò lè mọ àgbàdo ta ló pọ̀ jù.

Pẹ̀lú sharey, òótọ́ yóò hàn. Ẹ ó tún rí i pé òjò Èkó máa ń pọ̀ ní June, á dínkù ní August, á sì tún pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ìgbà tí ti Èkó dínkù ni ti Kaduna ń rọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ya òjò àti ooru pọ̀, ẹ yọ sharey kúrò, kí ẹ sì kọ òṣùwọ̀n sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ ya gíráàfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú sharey, kí ẹ tún yà wọ́n láìsí i. Ẹ fi méjèèjì wéra kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín lọ bá olùkọ́.