Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Kí Íńkì Tó Gbẹ

Ohun tí ẹ máa kọ́

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ máa ka ìtàn kúkúrú kan, ẹ ó sì ka àlàyé bí a ṣe ń kan pẹpẹ tí a ń sá ìwé sí lẹ́yìn tí a bá tẹ àwòrán sí i. Ẹ máa kọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín *ó ń gbẹ*, *ó ti ń gbẹ*, *ó ti gbẹ* àti *ó ti gbẹ tán*. Ẹ máa tún lo *kí … tó* àti *kí … má baà*.

Kí ẹ tó kàwé

Ẹ sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì. Nílé yín, ibo ni ẹ máa ń sá aṣọ sí? Báwo ni ẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti gbẹ?

Kíkà

*1. Ogójì ìwé*

Lọ́dún kan, kíláàsì mi fẹ́ ṣe alẹ́ Yorùbá. A pinnu pé a kò ní ra ìwé ìkéde. Ọwọ́ ara wa ni a máa fi tẹ̀ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà mú férémù rẹ̀ wá. Ó ti na aṣọ tó ní ihò wínníwínní mọ́ férémù náà. Ó ti dí àwọn ihò tí kò fẹ́ kí íńkì gbà kọjá, ó sì fi ti àwòrán sílẹ̀. Ó da íńkì sí i, ó fi rọ́bà fà á láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó gbé férémù sókè: àwòrán ìlù gángan jáde lórí ìwé. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ogójì ni a tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Orí tábìlì kún, orí àga kún, ilẹ̀ pàápàá kún. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo bi í pé, "Ṣé íńkì yẹn ti gbẹ?" Ó fọwọ́ kan igun ìwé kan, ó ní, "Ó ti gbẹ, mà." Mo gbà á gbọ́. Mo kó gbogbo wọn jọ lórí ara wọn, mo sì gbé wọn sínú àpò.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìwé ti lẹ̀ mọ́ ìwé. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń bó. Mẹ́rin péré ló ṣe é lò. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ya àwòrán yẹn.

Lẹ́yìn náà ló tó yé mi. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé, "Ó ti ń gbẹ." Ọ̀rọ̀ kékeré kan, *ń*, ló fò. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ̀bi jù. Ó yẹ kí n fọwọ́ kan àárín ìwé, níbi tí íńkì pọ̀ sí, kí n tó kó wọn jọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a kò tíì wá ibi tí a máa sá ìwé sí kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a kan pẹpẹ.

*2. Bí a ṣe kan pẹpẹ*

Ìwé wa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, ó sì gùn tó 60. Nítorí náà, a ṣe àtẹ mẹ́wàá; ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 50, ó sì gùn tó 65. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 ni a lò.

Ìkíní: Ẹ fi ayùn gé pákó, kí ẹ fi ìṣó kan mẹ́rin pọ̀ bíi férémù. Àtẹ kan nìyẹn. Ẹ ṣe mẹ́wàá.

Ìkejì: Ẹ na nẹ́ẹ̀tì fèrèsé sórí àtẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ etí rẹ̀. Ẹ nà án dáadáa kí ó má baà rọ̀ láàárín. Ẹ má fi pákó pẹlẹbẹ dípò nẹ́ẹ̀tì, nítorí atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kan ìwé lókè àti nísàlẹ̀.

Ìkẹta: Ẹ gé òpó mẹ́rin, mítà kan-kan. Ẹ to òpó méjì sílẹ̀, kí ẹ kan ọ̀pá mẹ́wàá tó gùn tó 65 mọ́ wọn. Kí sẹ̀ǹtímítà 8 wà láti orí ọ̀pá kan dé orí èkejì. Ó máa jọ àkàbà. Ẹ ṣe àkàbà kejì.

Ìkẹrin: Ẹ gbé àkàbà méjèèjì dúró kí wọ́n kojú síra, kí ọ̀pá wọn wà ní inú. Kí sẹ̀ǹtímítà 51 wà láàárín òpó ọ̀tún àti òpó òsì, kí àtẹ lè wọlé láì há. Ẹ fi pákó so wọ́n pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ wá kan pákó kan sí ẹ̀yìn, láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí pẹpẹ má baà máa mì.

Ìkarùn-ún: Ẹ ti àtẹ sórí ọ̀pá. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé sí àtẹ ìsàlẹ̀, kí ẹ tó máa gòkè. Ẹ gbé fáànù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó rọra máa fẹ́, kí ìwé má baà fò.

Àtẹ mẹ́wàá, ìwé mẹ́wàá. Bí pẹpẹ bá ti kún, ẹ dáwọ́ títẹ̀ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a kún pẹpẹ wa kí ogójì tó pé, kò sì sí ọ̀kan tó bàjẹ́.

Ẹ ṣọ́ra: íńkì tí a fi omi pò ni pẹpẹ yìí wà fún. Íńkì aṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní plastisol. Bí ẹ bá fi í sórí pẹpẹ fún oṣù kan, kò ní gbẹ. Ooru ló ń fẹ́, nǹkan bíi 160°C.

*3. Àwọn aládìrẹ náà mọ̀ ọ́n*

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta máa ń fi ẹ̀kọ tí a fi pákí ṣe ya ọnà sára aṣọ. Wọ́n á gbé páànù tí a gé ọnà sí lé aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ pa á kí ó lè gba ojú ọnà náà kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sá aṣọ náà títí ẹ̀kọ á fi gbẹ, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Bí ẹ̀kọ kò bá gbẹ, ọnà á bàjẹ́. Lójú wọn, sísá wà lára iṣẹ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ tuntun

*sá*: kí a na nǹkan sí oòrùn tàbí atẹ́gùn kí ó lè gbẹ. *Sá* tí a ń lò nínú "ó sá lọ" ní ohùn kan náà. Gbólóhùn ló ń fi ìyàtọ̀ hàn.
*lẹ̀*: kí nǹkan kan so mọ́ òmíràn, kí ó má fẹ́ kúrò.
*há*: kí àyè má tó fún nǹkan láti kọjá.

Gírámà

*Ó ń gbẹ*: iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.
*Ó ti ń gbẹ*: ó ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì parí.
*Ó ti gbẹ*: ó ti parí.
*Ó ti gbẹ tán*: ó parí pátápátá, kò ku ibì kankan.

Ẹ má sọ pé "mo gbẹ ìwé." Ìwé ló ń gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ̀yin ló ń *sá* a. Ẹ sì ṣọ́ ohùn yín: *gbẹ́*, tó ní ohùn òkè, ni ohun tí ẹni tó ń gbẹ́ ère ń ṣe. Ẹni tó bá *gbẹ́* igi kò *sá* a.

Ìdánrawò

1. Kí ló dé tí ìwé fi lẹ̀ mọ́ ara wọn? Ta ni ẹ rò pé ó jẹ̀bi? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
2. Ẹ fi *kí … tó* tàbí *kí … má baà* parí gbólóhùn wọ̀nyí: (a) Ẹ na nẹ́ẹ̀tì dáadáa … (b) Ẹ fọwọ́ kan àárín ìwé …
3. Òwe kan sọ pé, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ibo ni òwe yìí ti bá ìtàn yìí mu?
4. Iṣẹ́ àṣetiléwá: Ẹ sá aṣọ kan nílé. Ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ *ó ti gbẹ* títí yóò fi gbẹ lóòótọ́.