Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Jíìpù Kékeré Wo Ló Tó Fi Owó Ẹ̀yáwó Rà?

Ọkọ̀ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lóṣù yìí. Nínú àwọn fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tó ń dé iwájú Ìgbìmọ̀, èyí tí wọ́n kọ "mọ́tò" sí ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni jíìpù kékeré tòkunbọ̀ ló sì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra mọ́tò o. Oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí lọ wá ọjà, tó tún ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀, ó nílò ọkọ̀ tó ga, tó sì láyè lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mọ́tò lè dúró sọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́ta, gbèsè kì í dúró. Bí ẹni tó yáwó kò bá rí i san, ọ̀dọ̀ àwọn oníìdúró rẹ̀ ni ẹgbẹ́ máa lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kan gbogbo wa, títí dé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń pè ní jíìpù kékeré. Toyota gbé RAV4 jáde ní Japan lọ́dún 1994, Honda sì gbé CR-V jáde lọ́dún 1995. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ gíga á ra jíìpù gidi, irú Land Cruiser, tí wọ́n gbé ara rẹ̀ lé orí férémù irin bíi ti lọ́rì. RAV4 àti CR-V kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kékeré lásán ni wọ́n, wọ́n kàn gbé e ga ni, wọ́n sì fẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi kó sìmẹ́ńtì, kó yáa lọ wá píkọ́ọ̀pù. Bákan náà, aláròóbọ̀ á máa pariwo pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀yìn. Bí ẹ ò bá rí ọ̀pá irin gígùn tó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń fà á. Èyí kì í sì í ṣe àdánù rárá: ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ò béèrè ẹsẹ̀ mẹ́rin, ohun tó lè bàjẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ yẹn sì dín kù.

ỌDÚN JU ORÚKỌ LỌ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyí. Wọ́n á ní "Toyota ni, kò ní wàhálà," bẹ́ẹ̀ Toyota ọdún kan yàtọ̀ sí ti ọdún kejì bí ọmọ ìyá méjì ṣe ń yàtọ̀ síra.

Ẹ wo RAV4. Àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 2001 sí 2003 ní àrùn kan tí a mọ̀ dáadáa: bí gíà bá fẹ́ yí, á ta ènìyàn síwájú gìrì. Kì í ṣe gíà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi gárántì kọ̀ǹpútà náà gùn dé ọdún 10. Ẹni tí kò mọ èyí á lọ ra gíà míràn ní Ládipọ̀, kọ̀ǹpútà aláìsàn náà á sì tún ba èyí náà jẹ́. Owó gíà méjì á lọ lórí àrùn kan ṣoṣo.

Ti 2006 sí 2008 tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.4, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu ọ́ìlì. Kò ní rú èéfín tí ẹ ó fi mọ̀, kò ní pariwo. Ọ́ìlì á kàn máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi nọ́ọ̀kì lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìfa ọ̀pá ọ́ìlì wò. Láti 2009 ni wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 rọ́pò rẹ̀, àyípadà rere sì ni. Àwọn kan láàárín 2006 sí 2012 ní ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́fà, lítà 3.5, alágbára ni. Ní 2013 ni ojú RAV4 yí padà pátápátá, gíà rẹ̀ di onípele mẹ́fà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wá di èyí tí a ń gbé sókè.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ti 2008 àti ti 2009 fara jọra gan-an lójú. Ẹ má fi ojú yàn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n máa ń kọ iye lítà ẹ́ńjìnnì sí i. 2.5 lẹ fẹ́ rí.

Ó kan CR-V. Láti 2002 títí dé 2014, ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 tó wà nínú àwọn ti Amẹ́ríkà jẹ́ akíkanjú. Ṣéènì irin ló ń yí i nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà tó ń fẹ́ ìpààrọ̀. Àrùn àwọn ti 2002 sí 2006 wà lára éèsì: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ máa ń lọ̀ ara rẹ̀ nínú, ìdọ̀tí irin á sì tàn ká gbogbo páìpù. Ẹni tó bá pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nìkan láìfọ gbogbo páìpù ti da owó rẹ̀ sómi, nítorí ìdọ̀tí yẹn náà ni yóò pa tuntun. Ti 2012 sí 2014 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó dára ló ní, gíà onípele márùn-ún tí àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń lọ sókè, ayé sì wà lẹ́yìn fún ẹrù. Ní 2015 wọ́n yí ẹ́ńjìnnì àti gíà padà, àwọn olùrà ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ó bá dúró lójú kan. Láti 2017, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré lítà 1.5 onítúbò tún mú wàhálà míràn wá: bẹntiróòlù ń yọ́ wọ inú ọ́ìlì, pàápàá níbi tí òtútù pọ̀ tí ènìyàn sì ń rin ìrìn kúkúrú. Ooru wa níbí kò ní jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó lè ti gbé ìlú yìnyín fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tí ọ́ìlì náà sì ga ju àmì lọ, ẹ kí oníyàrá ọkọ̀ pé ó dàbọ̀.

Nissan Rogue wá ńkọ́? Ó rẹwà, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú ju ti àwọn méjì yìí lọ. Ohun tó ń jẹ́ kó rọjú náà ni kẹ́ ẹ mọ̀. Láti 2008 tó ti jáde, gíà tí wọ́n ń pè ní CVT ló ń lò. Gíà yìí kò ní eyín tó ń bọ́ sínú ara wọn. Bẹ́líìtì irin kan ló ń yí láàárín páálì méjì. Ooru àti ọ́ìlì tó ti gbó ni ọ̀tá rẹ̀. Nissan fi gárántì gíà àwọn ti 2008 sí 2010 gùn dé ọdún 10 nítorí bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́, ó tún fi kún ti àwọn kan tó tẹ̀ lé e. Fún wa níbí, gárántì wọn kò kàn wá, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó nínú oòrùn ọ̀sán ló kàn wá. Tó bá sì bàjẹ́, mẹkáníìkì tó lè tú u kó sì tò ó padà kò wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ míràn ni wọ́n á tà fún yín, ta ló sì mọ ọjọ́ tó kù fún un? Èmi kò ní fọwọ́ sí i pé kí a fi owó ẹgbẹ́ ra èyí tó ti rìn jìnnà.

Àwọn ará Kòríà, Hyundai Tucson àti Kia Sportage, rọjú, nǹkan amáyédẹrùn inú wọn sì pọ̀. Tucson 2005 sí 2009 ní bẹ́líìtì rọ́bà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí olówó àkọ́kọ́ kò bá ní ẹ̀rí pé òun ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rìn. Sportage 2011 sí 2013 wà lára ọkọ̀ tí Kia pè padà ní 2017 nítorí èérún irin tó kù sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tó ń dí ọ̀nà ọ́ìlì.

OWÓ EPO ÀTI OWÓ GÍÀ

Gbogbo olùrà ló ń béèrè pé ṣé kò jẹ epo jù. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ṣáájú ìparí oṣù karùn-ún 2023 ti kọjá 1,000 náírà nígbà tí oṣù kẹwàá 2024 fi máa parí. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ó. Nínú ìwọ̀n ti ìjọba Amẹ́ríkà, RAV4 onípísítìnì mẹ́rin ti nǹkan bíi 2008 ń fi lítà kan rin kílómítà 10, ti onípísítìnì mẹ́fà ń rin bíi 9. CR-V kò jìnnà sí 10 yẹn. Bí ènìyàn bá ń rin kílómítà 1,800 lóṣù, ọ̀kan á jẹ lítà 180, ìkejì á jẹ 200. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 20,000 náírà lóṣù, 240,000 lọ́dún. Owó ni o. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé iye tí gíà kan ṣoṣo ń jẹ lọ́dọ̀ yín, ẹ ó rí i pé ẹni tó sá fún ẹ́ńjìnnì ńlá tó wá lọ ra gíà tó fẹ́ kú, òjò ló ń sá fún tó bọ́ sódò.

Páàtì náà tún wà. Ti Toyota àti Honda, ẹ ó rí i ní Ládipọ̀, ẹ ó rí i ní Àráròmí ní Gate Ìbàdàn, tuntun àti àlòkù. Nítorí náà ni wọ́n fi ń rọrùn láti tún tà. Ẹni tó bá ra CR-V dáadáa, tó wá nílò owó lójijì, kò ní pẹ́ kó tó rí oníbàárà.

Ẹ má sì fi gbogbo ẹ̀yáwó ra ọkọ̀ tán. Bí ẹ bá ní mílíọ̀nù 8, ẹ wá ọkọ̀ mílíọ̀nù 6 àbọ̀. Táyà, bátìrì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti gíà, bírékì, ìwé ọkọ̀: gbogbo wọn ló ń dúró de yín lóṣù àkọ́kọ́.

Ní ti nǹkan afẹ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ihò orí òrùlé tó ń ṣí dára, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà omi rẹ̀ bá dí, òjò á wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń fìtínà ènìyàn láàárín ọjà tí mọ́tò ti há mọ́ra, táyà tó sì gbé kọ́ ẹ̀yìn ń wu olè. CR-V 2002 sí 2006 ní tábìlì kékeré tó ń ká, òun ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ bùútù. Obìnrin oníṣòwò tó bá rí i kò tún ní wá tábìlì pátẹ.

NỌ́ŃBÀ MẸ́TÀDÍNLÓGÚN

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn kan ń dá: wọ́n á ra ti 2008, wọ́n á pààrọ̀ iná àti bọ́ńpà rẹ̀, ó di 2012. Nọ́ńbà ṣáásí kì í purọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀, ó tún wà lára òpó ilẹ̀kùn. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ kà á láti ọwọ́ òsì. Àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: J ni Japan, 2 ni Kánádà, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún, fún ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wá. 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017. Wọn kì í lo lẹ́tà I, nítorí náà J ni 2018. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, kí wọ́n sì bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017. Bí ìwé bá ní ìtàn míràn, ẹ dúró na. Ọkọ̀ tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ̀yáwó rẹ̀ kò lọ.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin, bóyá ẹ ó rí ìlà ẹrẹ̀ ibi tí omíyalé dé. Ẹ lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í sọ àṣírí. Ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ síkáànù dání, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ rẹ́ ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún olùra CR-V: àwọn ti 2002 sí 2011 wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí báàgì afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́, bí ó bá sì bú gbàmù nígbà ìjàǹbá, irin ló ń fọ́n sí ènìyàn lójú àti lọ́rùn. Ènìyàn ti kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ míràn. Ẹ ronú sí ooru àti ọ̀rinrin ti wa. Àjọ NHTSA ti ìjọba Amẹ́ríkà ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti lè tẹ nọ́ńbà ṣáásí, ọ̀fẹ́ ni, yóò sì sọ bóyá iṣẹ́ náà ṣì kù lára ọkọ̀ náà. Ọmọ yín tó mọ fóònù lò lè ṣe é níṣẹ́jú márùn-ún. Bí iṣẹ́ bá ṣì kù, ọ̀dọ̀ aṣojú Honda ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rèwáyà ẹ̀bá ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀yáwó ọkọ̀, kó kọ nọ́ńbà ṣáásí àti iye lítà ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù kó tó mú un wá fún Akọ̀wé, kí àwọn oníìdúró náà lè rí i kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.