Òógùn, Oògùn àti Ohun tí Imú Ń Gbọ́

Nínú àkọsílẹ̀ tó bá da ọ̀rọ̀ eré ìdárayá pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ imú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó sábà máa ń fa àṣìkà. Òógùn ni omi tí ń jáde lára ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, oògùn sì ni ohun tí aláìsàn ń lò. Òórùn ni ohun tí imú ń gbọ́, oòrùn sì ni ó ń ràn lójú sánmà. Ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí òógùn àti òórùn, nígbà tí oògùn àti oòrùn fi ohùn àárín bẹ̀rẹ̀, tí ohùn ìsàlẹ̀ méjì sì tẹ̀ lé e. Bí òǹkọ̀wé bá yọ àmì wọ̀nyí kúrò, mẹ́rin di méjì, òǹkàwé á sì máa méfò.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Beaver Dam, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2013, jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti pàdé. Ènìyàn 1,611 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 53 sí 97, tí ìgbóòórùn wọn, èyíinì ni agbára imú láti gbọ́ òórùn, ṣì pé nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ni àwọn olùwádìí tọ ipasẹ̀ wọn fún ìgbà tí kò ju ọdún 10 lọ. Òórùn 8 ni wọ́n gbé sí wọn nímú, lára wọn ni ti kọfí, ṣokoléètì àti ẹ̀pà lílọ̀, wọ́n sì ka ẹni tí kò bá dá tó 6 mọ̀ sí ẹni tí ìgbóòórùn rẹ̀ ti dín kù. Ohun tí wọ́n fi díwọ̀n eré ìdárayá kò le rárá: ṣé ẹni náà ń ṣe é pẹ́ títí tó fi ń làágùn, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀? Ewu pé ìgbóòórùn á dín kù kéré lọ́dọ̀ àwọn tó ń làágùn bẹ́ẹ̀. Làágùn, tí a rí láti ara là àti òógùn, dára púpọ̀ níhìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tí yóò kà á sí ọ̀rọ̀ nípa egbòogi.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún òórùn náà tún gba àkíyèsí. Imú ń gbóòórùn, gẹ́gẹ́ bí etí ti ń gbọ́ ìró. Ohun tí òórùn ń ti ara rẹ̀ jáde ni a ń sọ pé ó ń rùn, èyí sì sábà máa ń jẹ́ òórùn tí kò dára. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé lè máa rùn, àwọn tó jókòó tì í ni yóò gbóòórùn rẹ̀. Nítorí náà, àṣìṣe ni láti kọ ọ́ pé ọbẹ̀ ń rùn dáadáa, nígbà tí Yorùbá ní ó ń ta sánsán. Èyí tó burú jù ni kí a kọ ọ́ nípa ẹni tí kò gbóòórùn mọ́ pé imú rẹ̀ kò rùn mọ́, nítorí ohun tí èyí ń sọ ni pé imú náà ti ń rùn tẹ́lẹ̀.

Ìwádìí Beaver Dam kàn ń ṣàkíyèsí ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe fúnra wọn ni. A kò lè tipa rẹ̀ mọ̀ bóyá eré ìdárayá gan-an ni ó dáàbò bo imú, tàbí ara àwọn tí ń ṣe é ló ti le tẹ́lẹ̀. Kíkọ ọ́ pé ó ń wo imú sàn tàbí pé ó ń dènà àìgbóòórùn ju ohun tí ẹ̀rí lè gbé lọ. Pé ewu náà kéré lọ́dọ̀ wọn ni ó tọ́. Kí àwọn tí ń kọ ìròyìn ìlera jọ̀wọ́ máa ṣọ́ èyí, kí wọ́n má sì sọ òógùn di oògùn, nítorí ẹni tí kò gbóòórùn gáàsì tó ń jò nílé ìdáná rẹ̀ mọ́ ní láti lọ rí dókítà, kì í ṣe kí ó gbára lé eré ìdárayá.