Ẹ Béèrè Oríkì Wọn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí iyè wọn ti ra ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Bí wọ́n bá gbé màmá àgbà kan wá sí wọ́ọ̀dù, tí màmá ń pariwo pé àwọn fẹ́ máa lọ sílé, pé ìyá àwọn ń retí àwọn, ẹ má wí fún wọn pé ìyá wọn ti kú tipẹ́. Bí ẹ bá wí bẹ́ẹ̀, ńṣe lẹ tún túfọ̀ ìyá wọn fún wọn lákọ̀tun, wọn yóò sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ ìyá wọn fún yín. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹ máa wádìí ohun tó ń dà wọ́n láàmú: ṣé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n? Ṣé ibì kan ń dùn wọ́n tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́? Ṣé ilé ni awò ojú wọn wà?

Ẹni tí iyè rẹ̀ jí pépé lánàá, tó wá ń sọ ìsọkúsọ lónìí, ẹ má yára pè é ní ogbó. Ó lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀, ó lè jẹ́ ibà, tàbí oògùn tó ń lò. Ìyẹn ṣeé wò, kò sì gbọdọ̀ pẹ́.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń fojú sọ́nà fún Ìlú Ọba. Ibẹ̀, ní Bradford, ni Tom Kitwood, onímọ̀ nípa ìtọ́jú àwọn tí iyè wọn ti ra, ti ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Dementia Reconsidered lọ́dún 1997 pé kì í ṣe ọpọlọ tó ń bàjẹ́ nìkan ló ń sọ aláìsàn dìdàkudà. Ọwọ́ àwa tí a yí wọn ká náà wà níbẹ̀: à ń tàn wọ́n, à ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, à ń sọ̀rọ̀ wọn lójú wọn bí ẹni pé wọn ò sí ńbẹ̀. Tiwa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn: màmá tó ṣìnà lóru, àjẹ́ ni àdúgbò ń pè wọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún ẹbí pé àìsàn ni. Àwọn dókítà ti ṣèwádìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Ó wà láàárín wa.

Ẹ má fi okùn so àgbà mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ má sì sáré béèrè oògùn tí yóò mú wọn dákẹ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè fa rọpárọsẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí wọn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àgbà bá dé wọ́ọ̀dù, ẹ bi ọmọ wọn ní oríkì wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, orin tí wọ́n fẹ́ràn, oúnjẹ tí wọn kì í jẹ, àti bóyá wọ́n lè gbà kí ọkùnrin wẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sí fáìlì, kí ẹni tó bá gbaṣẹ́ lóru lè rí i kà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wọn, kíláàsì nìkan ò lè kọ́ wọn ní èyí. Kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ jókòó ti àgbà kan láìmú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n gbọ́ ìtàn ayé rẹ̀.