Ọjọ́ Kẹta tí Ọ̀mùtí Fi Ọtí Sílẹ̀

Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ọtí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Bí a bá ti kórè ọkà bàbà tán, àwọn kan a máa fi í pọn bùrùkùtù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn yóò rí ẹmu tàbí bíà, tàbí ògógóró àti paraga tí a ń tà ní gáréèjì. Agbára wọn kò dọ́gba. Ẹmu tí a dá ní òwúrọ̀ kò le tó èyí tí ó di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ṣe ni ó ń kan sí i. Bíà kì í sábà ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n ògógóró lè tó 40 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ pé ọtí a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Òtítọ́ ni, pàápàá fún ẹni tí àrùn mẹ́dọ̀wú ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. A máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru, a sì máa pa ọmọ inú aboyún lára. Láti ọdún 1988 ni àwọn olùwádìí àgbáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Gbogbo èyí ni a máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ewu tí ó wà nínú kí ẹni tí ọtí ti di bárakú fún fi í sílẹ̀ lójijì.

Kí a fi ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń mu ún, nítorí pé bí kò bá mu ún, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n tí kò fi ní lè jókòó ti òfì. Oṣù Ràmàdáánì dé, ó sì pinnu pé òun kò tún ní fi ẹnu kan ọtí mọ́. Ìpinnu rere ni. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ọjọ́ kìíní tó pé, ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ń làágùn, èébì ń gbé e, oorun kò sì kùn ún. Láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, gìrì lè gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ kẹta, ó ń rí èèrà tí kò sí lára ògiri, ó ń dá àwọn tí ẹnìkan kò rí lóhùn, ara rẹ̀ gbóná, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Àwọn ará ilé a ní ayé ni ó bá a jà. Wọn a dè é mọ́lẹ̀, wọn a sì gbé e lọ sí ibi tí a kò ti ní fún un ní omi tàbí oúnjẹ. Ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ń kú sí, ikú tí oògùn ìbá ti dá dúró.

Kì í ṣe ayé, kì í sì ṣe wèrè. Ọtí a máa mú kí ọpọlọ rọlẹ̀. Nígbà tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù tàbí ọdún, ọpọlọ náà yóò máa fi agbára ta kò ó, bí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn dì mú láti inú ilé. Bí ẹni inú ilé bá jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, ẹni tí ó ń tì í yóò ṣubú lulẹ̀. Dókítà Thomas Sutton ti ṣe àpèjúwe àìsàn yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1813, síbẹ̀ ó pẹ́ tí àwọn kan fi rò pé àìjẹun àwọn ọ̀mùtí ni ó ń fà á. Ní ọdún 1955, Harris Isbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lexington, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fún àwọn ọkùnrin kan ní ọtí, wọ́n sì ń bọ́ wọn dáadáa. Nígbà tí a gba ọtí lọ́wọ́ àwọn tí ó mu ún fún ọjọ́ 48 sí 87, ìwárìrì mú wọn, gìrì gbé àwọn kan, àwọn mìíràn sì ń rí ìran. (Ẹlẹ́wọ̀n ni àwọn ọkùnrin náà, a kò ní gba irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ láàyè lóde òní.)

Ní ilé ìwòsàn, oògùn tí ó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, irú bí diazepam, ni a ń fún aláìsàn, a ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. A ó fún un ní abẹ́rẹ́ vitamin B1, tí a ń pè ní thiamine. Abẹ́rẹ́ yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú dírípù tí ó ní ṣúgà nínú, nítorí pé vitamin náà ni ọpọlọ fi ń lo ṣúgà. Bí ó bá tán pátápátá, ojú aláìsàn lè má ríran déédéé mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ràn án, ó sì lè má rántí ohun tí ó ṣe ní àná títí ayé. Dókítà yóò tún wò ó bóyá ibà tàbí ìfarapa orí wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n a máa jọ ara wọn. Láyé àtijọ́, àwọn tí ó dé ipò ọjọ́ kẹta yìí tí ó sì kú lè tó 35 nínú 100. Pẹ̀lú ìtọ́jú òde òní, wọn kò tó 5.

Bí gìrì bá gbé e ní ilé, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a sì gbé ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Kí a má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù sí kò dára rárá, nítorí pé a máa dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọdé tí gìrì gbé.

Ẹni tí ó bá ń mu ọtí ní òwúrọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n, tàbí tí gìrì ti gbé rí nígbà tí ó fi í sílẹ̀, kò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìrí dókítà. Kí ó máa dín in kù títí yóò fi dé ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí. Mùsùlùmí kò ní láti bẹ̀rù nítorí ààwẹ̀, nítorí pé a yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn.

Ìwòsàn ọjọ́ méje kò mú ìfẹ́ ọtí kúrò. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, fún àwọn tí orí wọn kò pé: aláìsàn a máa gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, a sì máa wá gba ìtọ́jú ní ojúmọmọ. Títí di òní, àwọn ará ilé wúlò púpọ̀ fún dókítà. Kí ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀mùtí lọ sí ilé ìwòsàn lè sọ irú ọtí tí ó ń mu, bí ó ti pọ̀ tó, ọjọ́ àti wákàtí tí ó mu ún kẹ́yìn, àti oògùn tàbí àgbo tí ó ti lò láti ìgbà náà.