Bẹ́líìtì Inú Ẹ́ńjìnnì: Ìdí Tí Ó Fi Ń Já Kété Lẹ́yìn Tí A Ṣe Sáfíìsì Ọkọ̀

Ẹjọ́ kan wà tí ó máa ń dé gáréèjì àti ibi iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì ní agbègbè Yewa wa yìí, ìbáà jẹ́ ní Ìlaròó, ní Ayétòrò tàbí ní Ìdí-Ìrókò. Ọlọ́kọ̀ kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún sáfíìsì. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n nu púlọ́ọ̀gì, ó sanwó, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì kú lójijì lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, láìgbóná, láìrú èéfín. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n rí i pé táímín bẹ́líìtì ni ó já. Ọlọ́kọ̀ ní mẹkáníìkì ni ó ba ọkọ̀ òun jẹ́. Mẹkáníìkì búra pé òun kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì yìí máa sọ òótọ́, kí ó sì jẹ́ pé nínú àìfọwọ́kàn rẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí bẹ́líìtì yìí ń ṣe. Ọ̀pá irin méjì wà nínú ẹ́ńjìnnì tí ó gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú ìṣọ̀kan. Ti ìsàlẹ̀ ni à ń pè ní kíráńkì. Òun ni àwọn písítìnì ń tì kí táyà lè yí. Ti òkè ni kámúṣáàfù; òun ni ó ń ṣí àwọn fáàfù tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde. Bí ti ìsàlẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ti òkè gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé. Nígbà tí kíráńkì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, èyí tí kì í ṣe eré àsápajúdé rárá, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń padé ní ìgbà 25 kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Rọ́bà oníeyín kan, tí ìbú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, ni ó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, gẹ́gẹ́ bí séènì ti so ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere mọ́ táyà ẹ̀yìn.

Bí rọ́bà yìí bá já, ọ̀pá òkè dúró, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ kò tí ì dúró. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ́ńjìnnì, písítìnì á gòkè wá kọlu fáàfù tí ó ṣí sílẹ̀, fáàfù á sì wọ́ bí ìṣó tí òòlù bà ní ẹ̀gbẹ́. Owó bẹ́líìtì kan ṣoṣo á wá di owó fáàfù, owó títú orí ẹ́ńjìnnì, nígbà mìíràn owó odindi ẹ́ńjìnnì mìíràn. Fún ẹni tí ó fi owó àjẹṣẹ́kù ra ọkọ̀ tí ó fi ń ná ọjà, ìyẹn lè jẹ́ òpin òwò náà.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà awakọ̀ àti mẹkáníìkì wa kì í fi í ka bẹ́líìtì yìí kún? Orí ọkọ̀ tí kò ní in ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n ń tò ní Èkó láti ọdún 1975, kò ní bẹ́líìtì yìí, kò sì ní séènì. Eyín irin ni ó ń yí eyín irin. Peugeot 504, tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti ọdún 1975 bákan náà, séènì onírin ni ó ń lò. Pààrọ̀ ọ́ìlì, wo púlọ́ọ̀gì, fọ kábúrétọ̀: sáfíìsì parí nìyẹn, ọkọ̀ a sì máa lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé iṣẹ́ Glas ní ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ fi bẹ́líìtì onírọ́bà sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún títà lọ́pọ̀ yanturu, ní nǹkan bí ọdún 1962, nítorí pé kì í pariwo, owó rẹ̀ sì dín. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni rọ́bà. Ó ń gbó, a kò sì lè rí i, nítorí pé inú ìdérí ni ó wà. Orúkọ tí a ń pe sáfíìsì kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ ń fẹ́ ti yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ní in. Nínú àwọn tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà tí ó pọ̀ lójú ọ̀nà wa, Toyota Camry onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ti ọdún 1992 sí 2001 ní bẹ́líìtì. Láti 2002, séènì ni. Honda Accord onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ní bẹ́líìtì títí di 2002. Sienna ní in láti 1998 títí di 2006. A gbọ́dọ̀ sọ pé Camry tí a dárúkọ yìí ṣàánú olówó rẹ̀: bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já, ẹ́ńjìnnì yóò kàn kú ni, písítìnì kò ní í dé ibi tí fáàfù wà. Accord kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ó ń ṣe ọkọ̀ sábà máa ń ní kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí láàrin 60,000 máìlì, èyí tí ó tó nǹkan bí 96,000 kìlómítà, sí 100,000 máìlì. Wọ́n sì máa ń ka iye ọdún pẹ̀lú, nítorí pé rọ́bà ń gbó bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan. Ta ni nínú wa tí ó mọ iye tí tòkunbọ̀ ti rìn ní tòótọ́? Kí ìjọba tó fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó gba Kùtọnu àti Ìdí-Ìrókò wọlé láìní ìwé ìtọ́jú kankan, ẹlòmíràn sì ti yí òǹkà máìlì padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, kí a kà á sí èyí tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti tó pààrọ̀.

Ẹ̀ka kejì ọ̀ràn yìí ni èyí tí mẹkáníìkì ti fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì náà, tí ó tilẹ̀ fi tuntun sí i, tí ó sì tún já. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe bẹ́líìtì ni ó jẹ̀bi, bí kò ṣe àwọn alábàágbé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà tí ó ń fà á le, tí à ń pè ní tẹ́ńṣánà. Bí bíárìn rẹ̀ bá ti gbó, tí ó sì gan, yóò bó eyín bẹ́líìtì tuntun dànù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì yìí kan náà ni ó ń yí pọ́ǹpù omi, tí àwọn náà ń gbó. Bí síìlì tí ó wà ní ẹnu kíráńkì tàbí kámúṣáàfù bá ń jo, ọ́ìlì yóò máa kán sórí rọ́bà, rọ́bà yóò sì wú. Ọlọ́kọ̀ a máa sọ pé, “Bẹ́líìtì nìkan ni kí o pààrọ̀, owó kò sí.” Owó tí ó fi pamọ́ lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀nà ni yóò ti san án.

Ìdérí bẹ́líìtì náà ńkọ́? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mìíràn a dá bọ́ǹtì méjì padà nínú mẹ́fà, wọn á ní ó ti tó. Ní ojú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí nínú ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nígbà òjò, kò tó. Òkúta wẹ́wẹ́ kan tí ó bá bọ́ sáàrin eyín rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara fáànù bẹ́líìtì tí ó bá fà ya ṣe lè wọ inú rẹ̀. A kì í sì í fi sìkírúdíráfà yọ́ bẹ́líìtì tuntun wọlé, a kì í ká a bí ìwé. Nígbà tí a bá tò ó tán, kí a tó kan kọ́kọ́rọ́, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yí kíráńkì ní odindi ìgbà méjì, kí ó wò bóyá àwọn àmì tí ilé iṣẹ́ fín sára ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ tún bá ara wọn mu. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ ní kí ó ṣe é lójú yín.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì lójú ọ̀nà, tí ẹ sì kan kọ́kọ́rọ́ tí ó ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò gbé ẹrù, ẹ dẹ́kun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tì í kí ó lè dáná. Fáàfù tí kò tí ì wọ́, ìgbìyànjú yín ni yóò wọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ pẹ̀lú jíà ní ipò òfo.

Ní ti ẹjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀, òfin Ìjọba Àpapọ̀ ti ọdún 2018 tí ó dáàbò bo oníbàárà gbà pé kí iṣẹ́ tí a sanwó fún dára bí ó ti yẹ. Bí ó bá ní àbùkù, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá ìwọ̀n tí ó tọ́ nínú owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n òfin yóò béèrè pé iṣẹ́ wo ni ẹ gbé fún un. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ìbáà ṣe ojú ewé kan nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́: ọjọ́, iye máìlì, ohun tí wọn yóò pààrọ̀ àti ohun tí wọn kò ní í fọwọ́ kàn. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ gba àwọn ohun ògbólógbòó tí wọ́n tú sílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn a tún máa fi ọ̀dà kọ ọjọ́ àti iye máìlì sára ìdérí bẹ́líìtì. Bí ẹ bá rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ dà á kọ sínú ìwé yín kí ẹrẹ̀ tó pa á rẹ́.