Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ìbọn Àkọ́kọ́

“Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?” Bí òwe yìí ṣe sọ ọ́ ni òfin Nàìjíríà ṣe rí ìbọn ìléwọ́. Ì báà jẹ́ tuntun láti òkè òkun, ì báà jẹ́ èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ lẹ́yìnkùlé, ojú kan náà ni òfin fi ń wò ó. Kódà, ẹ̀yà ara ìbọn lásán, ìbọn ni lójú òfin. Ẹni tó bá ń wá ìbọn ìléwọ́ olówó pọ́ọ́kú ní Morogbo, ní ìpínlẹ̀ Èkó, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí kó tó fọwọ́ kan àpò rẹ̀.

Òfin Ìbọn ọdún 1959, tó ṣì wà títí di òní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ni ìbọn ìléwọ́ wà, òun àti bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn àwọn ológun. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún ènìyàn láṣẹ láti ní irú rẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì ni ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí a ń fọwọ́ ki ọta sí, pẹ̀lú ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn kan fi ń yin ẹyẹ; ìwé àṣẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀wọ́ kẹta ni ṣakabùlà, tí ìwé àṣẹ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn ìléwọ́ mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n tí òfin yìí là sílẹ̀ fún un kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Òfin náà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni rọ ìbọn, kó to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, tàbí kó tún un ṣe láìgbàṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó ra ìbọn tí kò bófin mu, tó tún gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó bá òun mú un dára sí i, ẹ̀ṣẹ̀ kan ló fi lé òmíràn lórí.

“Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.” Ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń tà ní bòókẹ́lẹ́ kò wọ́n, ohun tó sì mú un dínwó náà ló mú un burú. Páìpù lásán ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹnu rẹ̀, irin bẹ́ẹ̀ kò sì lè gba agbára tó wà nínú ọta òde òní. Ó lè bẹ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́, kó gba ìka tàbí ojú lọ. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ta ló mọ ohun tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi ṣe? Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa wí tẹnu rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Morogbo kọjá, láti Agbára dé ẹnubodè Seme, àwọn aṣọ́bodè, ọlọ́pàá àti àwọn ológun ń dá ọkọ̀ dúró léraléra. Kò sí ibi tó burú fún ènìyàn láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbà ju ọ̀nà yìí lọ.

Ìbọn ọdẹ alágbára náà ní èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Pump-action, tí a ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn síwájú kí ọta lè wọlé, kò sí lára èyí tí ọ̀gá ọlọ́pàá lè fi ìwé àṣẹ lásán fún ará ìlú. Ní oṣù January 2017, àwọn aṣọ́bodè mú 661 irú rẹ̀ ní Èkó, nínú àpótí ẹrù tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé tó wà lókè òkun tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti pé ọdún 21 tó sì ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ lè ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ǹsì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ìwà rẹ̀ wò. Ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kò sábà ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì ń fi ẹ̀yà kékeré kan sára ìbọn ìléwọ́ Glock kó lè máa rọ̀jò ọta, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 ni wọ́n ń wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1997 ti lé ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Èyí tí wọ́n rà láìṣẹ̀ ní Houston, ní Amẹ́ríkà, kò bófin mu mọ́ bó bá ti balẹ̀ sí Èkó. Kí àbúrò má ṣe bẹ ẹ̀gbọ́n pé kó fi ọ̀kan sínú ẹrù.

Àgbẹ̀ tí ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tàbí ọdẹ tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ jẹun, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tàbí ṣakabùlà ló tọ́ sí i. Ìwé ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó wá ìbọn. Òfin kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé yìí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n gbé wá fún un, kó ṣí i ní oríkèé, kó rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Kó wá gbé ẹnu rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀, kó wo inú rẹ̀ já láti ẹ̀yìn. Ihò tó mọ́ máa ń dán yípo. Èyí tó ti dípẹtà máa ń ní àmì tótòtó, ibi tí irin sì ti tẹ̀ wọnú, òjìji dúdú máa ń hàn níbẹ̀. Kó pa á dé padà, kó mì ín: bí oríkèé rẹ̀ bá ń ró wọ́kọwọ̀kọ, kó dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Nọ́ńbà tó wà lára irin gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé mu.

Lẹ́yìn èyí, owó tó bá kù kò yẹ fún ẹ̀ṣọ́ ara ìbọn. Ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àgbà ọdẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà á: kí ènìyàn mọ̀ pé ìbọn kì í ṣòfo títí ojú yóò fi rí i pé ó ṣòfo, kí ìka má ṣe dé apátí kí ojú tó rí ẹran tán, torí-tẹsẹ̀. Nítorí igbó tó mì lásán ni ọdẹ fi ń yin ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni àpótí irin tó ní àgádágodo. “Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.” Ìbọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ọta wà nínú rẹ̀, ọmọ ilé ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Kí ìbọn wà lọ́tọ̀, kí ọta wà lọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ má ṣe kúrò lára ẹni tó ni ín. Òróró àti aṣọ ìnuùbọn náà ṣe pàtàkì ní etíkun Èkó, nítorí atẹ́gùn iyọ̀ kì í jẹ́ kí irin pẹ́.

Ẹni tó jẹ́ pé olè ló ń bà á lẹ́rù, tí kì í ṣe ọdẹ tàbí àgbẹ̀, iná ìta, ilẹ̀kùn tó gbópọn, ajá àti àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò yóò ṣe é láǹfààní ju ìbọn lọ. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì Èkó ni 767 àti 112. Kí tọmọdé tàgbà inú ilé mọ̀ ọ́n sórí.

Ó ku ti ìbọn tí bàbá fi sílẹ̀. Orúkọ olóògbé ló wà nínú ìwé àṣẹ, a kì í sì í jogún ìwé náà pọ̀ mọ́ oko àti ilé. Kí ìdílé mú ìbọn àti ìwé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ wọn. Bí ọmọ kan bá fẹ́ máa lò ó, kó tọrọ ìwé àṣẹ lórúkọ ara rẹ̀, kí ìbọn náà sì wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá títí ìwé yóò fi jáde.